Inú mi ń wú, ìgbẹ́ ò jáde, ó sì ń rẹ̀ mí ṣáá: ṣé oúnjẹ ni àbí nǹkan míì?

Onítakisí_Òwàndó

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni mo gbé wá lálẹ́ yìí. Ọmọ ọdún 38 ni mí, Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) níbí ni mò ń gbé, apá Òwàndó, takisí ni mò ń wà láti Àjàṣẹ́ sí Kútọnu, ó ti ń lọ sí ọdún méje. Láti bí oṣù mẹ́rin báyìí, tó bá ti di ọ̀sán ikùn mi á wú, á le bí ìlù, mo lè lo ọjọ́ mẹ́ta gbáko mi ò yàgbẹ́, ìgbà tó bá sì máa jáde òkúta ni, màá jókòó sílé ìgbẹ́ títí ìyàwó mi á fi máa kanlẹ̀kùn pé ṣé mo ti sùn síbẹ̀ ni. Ó tún ń rẹ̀ mí, màá jí láàárọ̀ bí ẹni tí ò sùn, nǹkan kékeré ni èrò ọkọ̀ á ṣe inú á ti bí mi.

Oúnjẹ mi rèé, mi ò ní purọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa mo ti wà ní kafetéríà, búrẹ́dì gígùn kan, sípàgẹ́tì pẹ̀lú ẹyin díndín, kọfí tí wọ́n da mílíìkì dídùn sí títí táá fi funfun. Ọ̀sán, ìrẹsì pẹ̀lú ọbẹ̀ ata àti ẹja, màá fi sucrerie (ọtí ẹlẹ́rìndòdò) tútù kan tàbí méjì tì í nítorí ooru. Alẹ́, ohun tí ìyàwó bá gbé kalẹ̀ ni. Omi ńkọ́, mi ò kì í mu púpọ̀, torí tí mo bá mu ún màá máa dúró tọ̀. Ìgbẹ́ náà bẹ́ẹ̀, tó bá gbọ̀n mí lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ màá dì í mú ni, níbo ni mo fẹ́ gbà pẹ̀lú èrò márùn-ún nínú ọkọ̀?

Nǹkan kan tún wà. Kó tó bẹ̀rẹ̀, eyín dùn mí, mo ra amoxi (àǹtìbíọ́tíìkì) lọ́wọ́ obìnrin kan tó ń gbé oògùn kiri, mo lò ó bí ọjọ́ márùn-ún. Èmi ò mọ̀ bóyá ó kan ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èrò kan nínú ọkọ̀ mi fi ìyẹ̀fun kan hàn mí, ó ní détox ni, ó ní á fọ gbogbo ìfun mọ́ láàárín ọjọ́ méje, 12 000 fráǹkì. Ọkàn mi ń fà sí i díẹ̀díẹ̀. Ṣé kí n rà á? Àbí kí ni kí n máa jẹ?

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Kétu

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún ẹ ní àlàáfíà. Má ra ìyẹ̀fun kankan o! 12 000, owó ẹ̀kọ mélòó nìyẹn! Ó ti lé ní ọdún 25 tí mo ti ń ta ẹ̀kọ ní Kétu níbí, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti gbà á, mo sì ń wo àwọn tó ń jẹ ẹ́ àti àwọn tí ò jẹ ẹ́. Bàbá mi lé ní ọgọ́rin ọdún kó tó lọ, ẹ̀kọ, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọbẹ̀ tí irú ń ta sánsán nínú rẹ̀, oko ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ lójoojúmọ́, bàbá yẹn ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní jẹ̀dí títí tó fi kú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ẹ jókòó sínú mọ́tò láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ń jẹ búrẹ́dì, búrẹ́dì sì ń lẹ̀ mọ́ ìfun bí àtè.

Ohun tí wàá ṣe ni pé kó o máa mu omi ògì láàárọ̀ kó o tó fẹnu kan nǹkankan, omi kíkan tó ń léfòó lórí ògì yẹn, ife kan. Kó o sì sọ fún ìyàwó rẹ kó fi irú sọ́bẹ̀, kó sọ kúùbù tí wọ́n ń fi sọ́bẹ̀ nù.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́_Òkè

Ẹ kú alẹ́ ẹ̀gbọ́n, ẹ kú alẹ́ ìyá wa. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣábẹ̀, mi ò kì í ṣe dókítà, ohun tí mo mọ̀ ni màá sọ. Ẹ̀gbọ́n, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná: ṣé ẹ ti rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ yín? Ṣé ó ti dúdú bí ọ̀dà rí? Ṣé ẹ ń rù láìmọ ìdí? Ṣé inú rírun máa ń jí yín lóru, àbí ẹ ń bì? Bí ẹyọ kan bá wà níbẹ̀, ẹ fi fóònù sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ rí dókítà, ìyókù ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe tiyín.

Tí ò bá sí, ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ yẹn fún yín. Ìfun ńlá wa gùn tó bíi mítà kan àti ààbọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kó máa fa omi kúrò nínú ohun tó kù lẹ́yìn tí ìfun kékeré ti gba èyí tó wúlò fún ara. Tí ìgbẹ́ bá ti dé ẹnu ọ̀nà tẹ́ ẹ wá dì í mú, ìfun ò ní dúró dè yín o, á máa fa omi inú rẹ̀ lọ ni, wákàtí lórí wákàtí, ẹ tún wá ní ẹ kì í mu omi, kí ló fẹ́ ṣe tí ò ní di òkúta? Tí èèyàn bá sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ìfun náà á sú, kò ní gbọ̀n yín mọ́ bó ṣe yẹ kó gbọ̀n yín. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ èmi, kó tó kan oúnjẹ pàápàá. Ẹ jí ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ìgbà tẹ́ ẹ ń jí, ẹ mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ jẹ nǹkan, ẹ sì lọ jókòó, torí oúnjẹ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ikùn máa ń ta ìfun ńlá jí, àárọ̀ sì ni ó máa ń jí jù.

Ní ti oúnjẹ, mo wo ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti bó èèrí kúrò lára rẹ̀. Búrẹ́dì funfun, ìrẹsì funfun, sípàgẹ́tì. Èèrí yẹn, okùn inú ẹ̀fọ́, èèpo ara ẹ̀wà, àwọn nǹkan tí ikùn wa ò lè dà, òun ni wọ́n ń pè ní fíbà. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa jẹ ó kéré tán gírámù 25 rẹ̀ lójúmọ́, kó sì jẹ ẹ̀fọ́ àti èso tó 400 gírámù. Ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, bóyá la fi rí ìdajì fíbà yẹn níbẹ̀, ẹ̀fọ́ sì ni mi ò rí rárá àfi tí ìyàwó yín bá ń sè é lálẹ́.

Kí ni a fẹ́ fi ohun tí ikùn ò lè dà ṣe? Ìyẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bi mí. Àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń jẹ ẹ́. Ìfun ńlá kún fún wọn, ìṣirò tí àwọn onímọ̀ ṣe ní 2016 sọ pé lára ẹnì kan ṣoṣo wọ́n tó bíi tírílíọ̀nù 38, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé iye wọn àti iye hóró ara wa (sẹ́ẹ̀lì) fúnra rẹ̀ dọ́gba. Wọ́n á jẹ fíbà yẹn, á kan lọ́wọ́ wọn bí ògì ṣe ń kan, ohun tí wọ́n bá yọ jáde níbẹ̀ ni awọ inú ìfun ńlá fi ń ṣe oúnjẹ. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá ń jẹ búrẹ́dì àti sucrerie nìkan, ẹ̀yin ti yó, àwọn tó wà nínú yín ò rí nǹkan jẹ.

Amoxi ńkọ́, ó ṣeé ṣe kó ní ọwọ́ nínú rẹ̀, mi ò lè búra. Àǹtìbíọ́tíìkì ò mọ olè yàtọ̀ sí onílé, gbogbo wọn ló ń pa, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù kí àwọn tó ń ṣe wá lóore tó padà, àwọn míì kì í tilẹ̀ padà. Oògùn orí igbá tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ẹ ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, oòrùn ti sè é, ẹ ò sì mọ iye ọjọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ lò ó. Détox, ẹ fi 12 000 yín ra epo mọ́tò. Ìfun kì í ṣe ìkòkò tí wọ́n ń fi kànrìnkàn fọ̀, ara fúnra rẹ̀ ló ń pààrọ̀ awọ inú rẹ̀, láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún tuntun ti rọ́pò ti àná.

Ìyá wa, ẹ má bínú sí mi o: búrẹ́dì kì í lẹ̀ mọ́ ìfun. Fíbà ni ò pọ̀ nínú rẹ̀. Irú ní tiẹ̀, ẹ jàre gan-an, kòkòrò tó ń jẹ́ kó rọ̀ kó sì máa ta sánsán yẹn mọ bí wọ́n ṣe ń fara pamọ́, ọbẹ̀ á hó kò ní pa gbogbo wọn. Ògì ni mo fẹ́ sọ nǹkan kékeré nípa rẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti sè é di ẹ̀kọ, iná ti pa èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn kòkòrò rẹ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ sì ń sẹ́ ògì, èèrí tẹ́ ẹ ń dà nù yẹn, ibẹ̀ ni fíbà àgbàdo pọ̀ sí. Oore tí ẹ̀kọ ṣì ń ṣe ni pé tó bá ti tutù tó dì, lára sítáàṣì rẹ̀ á le, ìfun kékeré ò ní rí i dà, á bá àwọn tó wà nísàlẹ̀ nílé, ó sàn ju búrẹ́dì lọ. Omi ògì tútù, kẹ́ ẹ tó fún un mu, omi wo lẹ fi rẹ àgbàdo? Tó bá jẹ́ omi kànga tí ò mọ́, ìgbẹ́ gbuuru ló máa fi rọ́pò àìrígbẹ́yà.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Kétu

Nọ́ọ̀sì o! Kò burú o. Omi ẹ̀rọ ni mo fi ń rẹ àgbàdo mi, kí gbogbo ayé gbọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èèrí yẹn ká mi lára. Láti ìgbà tí mo ti ń sẹ́ ògì, ewúrẹ́ ni mò ń da èèrí fún. Ó wá jẹ́ pé ewúrẹ́ mi ló ń jẹ dáadáa jù nínú ilé?

Alágbo_Sákété

Ẹ fi gírámù àti tírílíọ̀nù sílẹ̀ jàre. Jẹ̀dí ni. Ṣúgà ló ń ṣe é, kọfí dídùn àti sucrerie láti àárọ̀ dalẹ́, kí lẹ rò pé á ṣẹlẹ̀? Ewé àsúnwọ̀n òyìnbó, ẹ fi omi sè é, ẹ mu ún lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ gbogbo ẹ̀ ti wá sílẹ̀. Ẹni tí tiẹ̀ bá le, egbò jẹ̀dí nínú sodabi (ògógóró), ife kékeré kan láàárọ̀ kan lálẹ́. Èmi ò ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, ara mi sì dá ṣáṣá.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́_Òkè

Bọ̀dá, mi ò bá yín jà lórí àsúnwọ̀n, ó ń ṣiṣẹ́, ìbátan rẹ̀ ni wọ́n ń dì sínú oògùn tí wọ́n ń tà ní fàmasí fún ẹni tí ò lè yàgbẹ́. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an ni ìṣòro rẹ̀: ó ń na ìfun ní pàṣán kó lè sáré. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kò burú. Tó bá wá di ojoojúmọ́, èèyàn á máa da omi àti iyọ̀ ara nù, ẹlòmíì á dé ibi pé láìsí àsúnwọ̀n kò ní lè yàgbẹ́ mọ́. Mo ti rí ìyá àgbà kan tí wọ́n gbé dé ọ̀dọ̀ wa, ó ti fi àgbo ṣu títí, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, omi iyọ̀ àti ṣúgà la kọ́kọ́ ń fún un mu, lítà omi kan tó mọ́, ṣíbí kékeré mẹ́fà ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí kékeré iyọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n sórí, ó wúlò fún ọmọdé tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru náà.

Ọ̀rọ̀ jẹ̀dí, àwọn àgbà ò ṣìnà pátápátá. Ṣúgà fúnra rẹ̀ kọ́ ló ń ti ìdí ẹni jáde. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi nǹkan dídùn àti búrẹ́dì kún inú kì í rí àyè ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà, ìgbẹ́ rẹ̀ á le, á máa fún ara rẹ̀ nílé ìgbẹ́, iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà ní ẹnu ìdí á wú, ìyẹn ni jẹ̀dí tó ń yọ. Wọ́n rí olè, wọ́n mú ẹni tó bá a rìn. Sucrerie náà ṣì jẹ̀bi tiẹ̀ o, ìgò kólà 33 cl kan, ṣúgà tó wà nínú rẹ̀ tó gírámù 35, ẹ̀gbọ́n mi sì ń mu méjì.

Sodabi, mi ò ní sọ nǹkankan. Ẹ̀yin náà mọ̀.

Tísà_Ìdènà

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta gbogbo ilé. Kétu lèmi náà wà, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, mo kàn fẹ́ fi nǹkan méjì kún un.

Àkọ́kọ́, ẹ má fojú kékeré wo ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì kọ́kọ́ bi onítakisí yẹn, nípa ìgbẹ́ dúdú. Ọdún méjì ni inú fi ta mí, òru ló máa ń le jù, bíi kí ẹni fi ẹyin iná sí mi nínú. Gbogbo èèyàn ní ata ni. Mo fi ata sílẹ̀, ọmọ Kétu tí ń jẹ ọbẹ̀ funfun, ẹ ò rí ayé mi! Mo lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni kan, mi ò ní sọ èwo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tọ́jú mi fún palu (ibà). Mo ń gbé ibuprofen mì lórí ebi nítorí orí fífọ́, mi ò mọ̀ pé òun náà ń bu ẹnu jẹ ibẹ̀. Ìgbẹ́ wá dúdú, ó ń dán bí ọ̀dà, òòyì wá ń kọ́ mi. Ibi tí mo sáré lọ lọ́tẹ̀ yìí ni wọ́n ti ṣe ànálíìsì (àyẹ̀wò) ìgbẹ́, wọ́n ní kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló wà nínú àpòlúkù mi, òun àti ibuprofen yẹn ni wọ́n jọ ń gbẹ́ ihò. Wọ́n fún mi ní àǹtìbíọ́tíìkì oríṣi méjì pẹ̀lú èyí tó ń dín omi kíkan inú àpòlúkù kù, ọjọ́ 14, mo lò ó pé. Mo ti padà sí ata mi.

Mo wá lọ kà nípa kòkòrò yẹn torí mo fẹ́ mọ̀ ọ́n. Tẹ́lẹ̀, gbogbo dókítà ayé ló gbà pé ìrònú àti ata ló ń fa ọgbẹ́ inú. Àwọn ará Ọsirélíà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, ló ní rárá, kòkòrò ni. Wọn ò gbà wọ́n gbọ́. Ní 1984 Marshall bu kòkòrò yẹn sínú omi, ó gbé e mu fúnra rẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ méjì inú rẹ̀ ti wú, ó ń bì. Ní 2005 wọ́n fún àwọn méjèèjì ní ẹ̀bùn Nobel. Èmi máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, wọ́n máa ń pariwo. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé kì í ṣe gbogbo inú rírun ni oúnjẹ lè wò, àwọn kan fẹ́ ànálíìsì.

Èkejì, lórí fíbà. Àyẹ̀wò kan wà tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2015, wọ́n mú èèyàn dúdú 20 ní Amẹ́ríkà àti 20 ní abúlé ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n pààrọ̀ oúnjẹ fún wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ará Gúúsù Áfíríkà tó jẹ́ pé fíbà oúnjẹ wọn tó gírámù 66 lójúmọ́, wọ́n já a sí 12, wọ́n fún wọn ní bọ́gà àti ọ̀dùnkún díndín. Àwọn ará Amẹ́ríkà, wọ́n gbé tiwọn láti 14 sí 55, wọ́n ń jẹ àgbàdo àti ẹ̀wà. Ọ̀sẹ̀ méjì o! Àwọn àmì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ewu jẹjẹrẹ ìfun ńlá wà lára ẹni, ó lọ sílẹ̀ lára àwọn ará Amẹ́ríkà, ó gòkè lára àwọn ará abúlé. Oúnjẹ tí wọ́n fún àwọn ará abúlé yẹn, tí mo bá wò ó dáadáa, ó fẹ́ jọ ti kafetéríà.

Onítakisí_Òwàndó

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Nọ́ọ̀sì, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò dúdú, mi ò rù, ó tilẹ̀ dà bíi pé mo ń sanra. Mi ò ra ìyẹ̀fun náà. Ṣùgbọ́n mo ní ẹjọ́ kan.

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín, ní ọjọ́ kejì mo ní kí ìyàwó mi se ẹ̀wà, mo jẹ abọ́ ńlá láàárọ̀ pẹ̀lú gàrí, mo tún jẹ àtàsì (ìrẹsì àti ẹ̀wà) lọ́sàn-án ní Kútọnu, mo ní kí àwọn tírílíọ̀nù yẹn yó. Ẹ̀yin ará, mo rí nǹkan. Kí a tó dé Sẹ̀mẹ̀ inú mi ti ń pariwo ju ẹ́ńjìnnì lọ, mo ń dì í, mo ń dì í, ó bọ́ lọ́wọ́ mi. Gíláàsì ẹ̀yìn ni màmá kan kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ o, wọ́n kàn dákẹ́ lọ báyìí, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù 😂. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyí? Kí n má lọ ba iṣẹ́ mi jẹ́ nítorí ìfun.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́_Òkè

😂😂 Ẹ̀gbọ́n, ẹjọ́ mi ni, mi ò sọ ọ́ tán. Díẹ̀díẹ̀ ni o. Ẹni tí àwọn kòkòrò rẹ̀ ti pebi láti ọdún méje, tẹ́ ẹ bá da abọ́ ẹ̀wà méjì lé wọn lórí lọ́jọ́ kan, gáàsì ni wọ́n á fi dúpẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí mẹ́ta mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kẹ́ ẹ tó fi kún un, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin kí ìfun tó mọ́ra. Ẹ rẹ ẹ̀wà sínú omi láti alẹ́, ẹ da omi yẹn nù, ẹ fi omi mìíràn sè é kó rọ̀ gan-an. Omi mímu gbọ́dọ̀ bá a rìn, fíbà láìsí omi á tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo tún fẹ́ bi yín: ìgbà wo ni ikùn yín ń bẹ̀rẹ̀ sí í wú gan-an? Ṣé lẹ́yìn kọfí yẹn kọ́? Torí ó ti tó ìdá méjì nínú mẹ́ta àgbàlagbà ayé tí ara wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ bí a ṣe ń da ṣúgà inú mílíìkì mọ́, àwa aláwọ̀ dúdú sì pọ̀ nínú wọn. Ṣúgà yẹn á kọjá lọ sísàlẹ̀ láìdà, á bẹ̀rẹ̀ sí í hó níbẹ̀. Ẹ fi mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kẹ́ ẹ wò ó. Tí ẹnu yín bá ń fẹ́ nǹkan wàrà, wàrà Fúlàní tí wọ́n fi oje bọmubọmu dì dára, èyí tó pọ̀ jù nínú ṣúgà mílíìkì ti bá omi rẹ̀ lọ, ó pọ̀ ní Ṣábẹ̀ níbí, mo mọ̀ pé wọ́n ń tà á l'Ájàṣẹ́ náà. Yáúùtù tí ò dùn náà dára, kòkòrò ti bá yín jẹ lára ṣúgà náà kó tó kàn yín.

Inú tó ń bí yín ńkọ́, mi ò gbàgbé. Ìfun àti ọpọlọ ní okùn iṣan kan tó so wọ́n pọ̀, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Serotonin, èròjà kan tí iṣan fi ń ránṣẹ́, èyí tó wà lára wa, nǹkan bí 90 nínú 100 rẹ̀, inú ìfun ni wọ́n ti ń ṣe é, lóòótọ́ kì í gbéra níbẹ̀ lọ sínú ọpọlọ, ìfun ló fi ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ò rò pé ìyẹn ni tiyín. Ẹni tí ò yàgbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, tó jókòó sínú ooru, tí òùngbẹ ń gbẹ, kí ló fẹ́ ṣe tí inú ò ní bí i?

Alágbo_Sákété

Nọ́ọ̀sì, mílíìkì náà ń ṣe èmi bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ayé ni.

Onítakisí_Òwàndó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo ṣèlérí fún nọ́ọ̀sì pé màá padà wá jábọ̀.

Mílíìkì ni o! Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé tí mo fi í sílẹ̀, wíwú ọ̀sán yẹn ti lọ dé ìdajì. Kọfí dúdú ni mò ń mu báyìí, ẹni tó ń tà á ní kafetéríà ń wò mí bí ẹni tí wọ́n lé níṣẹ́. Ìyókù pẹ́ díẹ̀. Mo ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀ dípò márùn-ún, mo ń jókòó, nígbà míì kì í wá, nígbà míì á wá, láti ọ̀sẹ̀ kẹta ni mo ti ń lọ lọ́jọ́ méjì méjì, lọ́sẹ̀ yìí ó ti fẹ́ di ojoojúmọ́. Ẹ̀wà ṣíbí mẹ́ta, alẹ́ ni mò ń jẹ ẹ́ kó má bàa sí èrò nítòsí. Ìyàwó mi ti ń se gbọ́má àti ewédú sí i, ó ní òun ti ń sọ ọ́ fún mi láti ìgbà tí òun ti fẹ́ mi ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí àwọn ará íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ kí n tó gbọ́. Ìbẹ́pẹ wà nínú ọkọ̀ mi ní ọ̀sán. Sucrerie ti di ẹyọ kan lọ́jọ́ Sátidé, èyí le fún mi ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí n má tàn yín, lọ́sẹ̀ tó kọjá mo mu mẹ́ta nítorí ìgbéyàwó kan ní Àjàrá.

Ọ̀rọ̀ omi ni mi ò tíì rí yanjú. Mo ń mu lítà kan àti ààbọ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ibi tí mo fẹ́ tọ̀ ọ́ sí ni mò ń wá kiri. Oníbẹtiróò kan ní Sẹ̀mẹ̀ ti gbà fún mi kí n máa lo ilé ìgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n èrò máa ń kùn. Rírẹ̀ ti dín kù, kò tíì tán. Mo ti lọ ṣe ànálíìsì ẹ̀jẹ̀ lórí ìyẹn torí ọ̀rọ̀ Tísà dẹ́rù bà mí, ọjọ́ Mọ́ńdè ni màá gba èsì.

Nọ́ọ̀sì_Abẹ́_Òkè

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n, inú mi dùn gan-an. Tí èsì bá jáde, ẹ gbé e lọ fún dókítà tó ní kẹ́ ẹ ṣe é, ẹ má gbé e wá síbí kí Alágbo má fi sodabi túmọ̀ rẹ̀ fún yín.

Ìyá_Ẹlẹ́kọ_Kétu

Ọmọ mi, o ṣe é o! Èmi náà fẹ́ jábọ̀. Láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ti sọ̀rọ̀ èèrí yẹn, mo lọ àgbàdo lọ́tọ̀, mi ò sẹ́ ẹ, mo sè é bẹ́ẹ̀. Ó rí gbágungbàgun díẹ̀ lẹ́nu ṣùgbọ́n mo fi ọbẹ̀ gbọ́má onírú jẹ ẹ́, mo gbádùn rẹ̀. Mo wá sè é lọ sọ́jà pé bóyá àwọn oníbàárà á rà á. Ẹni mẹ́rin rà á, mẹ́ta padà wá bi mí pé ṣé asẹ́ mi ló ya ni. Ti èmi àti bàbá nìkan ni mò ń ṣe báyìí. Ewúrẹ́ mi ti mọ̀ pé nǹkan ń dín kù nínú igbá òun, láti ọjọ́ yẹn tí mo bá ti gbé asẹ́ jáde ó ti dé ẹ̀yìn mi, á dúró síbẹ̀ máa wò mí.